Bí Mo Ṣe Pa Rafiu ní Kòtò Òkúta Pissy

Wọ́n ti dájọ́ ikú fún mi. Inú yàrá ẹ̀wọ̀n ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó ṣàánú mi.

Àdúgbò Tampouy nínú ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi wá láti ilẹ̀ Benin, ó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ouahigouya. Ẹsẹ̀ mi yá: mo sáré fún ilé-ìwé, mo sáré fún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí orúnkún mi bàjẹ́, mo di olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Paspanga. Àwòrán ààrẹ tí mo bá lára ògiri kíláàsì mi, òun kan náà ló ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí irun mi ń funfun. Rafiu, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sáré láti kékeré, ni akọ̀wé ilé-ìwé náà.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wá sọ mí di ọ̀gá wọn. Ìdíje àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ń bọ̀, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa, sì ti pé ogún ọdún. Mo lọ bá Rafiu ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bá mi yí ọdún ìbí rẹ̀ padà nínú ìwé. Ìlà kan péré ni."

"Èmi kọ́," ni Rafiu wí. "Ìwọ náà ò sì gbọdọ̀ ṣe é."

Nígbà tó jáde lọ kírun, mo fi ọwọ́ ara mi yí i padà. A gba ife. Ọ̀gá ìjọba kan bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo èrò, ó ní ipò ńlá ń dúró dè mí. Mo wá ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo ni ìlú.

Rafiu ń kọ́lé lọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo fi alùpùpù gbé e lọ sí Pissy kó lè ra òkúta ìpìlẹ̀. Etí kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta la dúró sí.

"Mo ti rí ohun tí o ṣe sí ìwé mi," ó ní. "Ní Mọ́ńdè, màá sọ fún àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù."

"Wọ́n á tì mí mọ́lé, Rafiu!"

"Màá bá ọ lọ. Màá bá ọ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n màá sọ."

Ó yíjú padà, ó ń wo òkúta. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í sínú kòtò. Orúkọ mi nìkan ló pè.

Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Níbi ìsìnkú, Safura ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin."



Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, obìnrin kan tó ń fọ́ òkúta nísàlẹ̀ kòtò lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ó sọ fún wọn ní Mooré, èdè àwọn ará ìlú náà, pé, "Mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì." Ọ̀gá ìjọba yẹn ní òun kò mọ̀ mí rí. Nílé ẹjọ́, mo jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Safura kò sọkún. Ó bi mí pé:

"Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín?"

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré, tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí wọ́n bá borí yín, ẹ gbà pé wọ́n borí yín. Ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ máa lọ sílé. Yóò dùn yín wọra, ilẹ̀ yóò sì mọ́, ẹ ó tún sáré. Èmi kò ní sáré mọ́.