Ọjọ́ Tí Mo Kun Ọ̀gá Mi Lóorun

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ yín sókè sí Ọlọ́run ná. Baba, ẹ ṣé o! Ẹ ṣé tí ẹ kò jẹ́ kí n di ẹni tí wọ́n ń nàka sí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Halelúyà!

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Mọ́níkà, ọmọ ìyá aláṣọ ní àdúgbò Plateau. Dókítà ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n rán mi wálé láti Kútọnù pé kí n wá ṣe sítáàjì nílé ìwòsàn wa níbí, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun èèyàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà Ràímì ló ń kọ́ mi. Ẹ mọ̀ ọ́n, bàbá sísanra yẹn, tí ọrùn rẹ̀ kúrú. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí níbí àfi èmi tí mo ṣì ń kọ́ ọ.

Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ wa kò ju ká gún abẹ́rẹ́ lọ. Hẹn! Ẹni tí a bá kun lóorun báyẹn, kò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Àwa la máa ti rọ́bà kan gba ọ̀fun rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí rọ́bà yẹn bá ṣìnà, tí a kò tètè mọ̀, ó parí nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá kì í fi í jẹ́ kí n sinmi. "Mọ́níkà, bí rọ́bà bá kọ̀ láti wọlé ńkọ́? Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí aláìsàn bá bì ńkọ́?" Bí a bá ń jẹun pàápàá, á ṣáà máa bi mí. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kó má baà rí mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo dé bulọ́ọ̀kù, yàrá iṣẹ́ abẹ wa, mo bá Ọ̀gá lórí àga, ó ká kò, òógùn bò ó. Mo rò pé ibà ni.

Ó ní, "Ìpá mi ni. Ó ti há."

Ìfun ti kó sínú ìpá náà, kò lè padà mọ́, bàbá sì ti ń bì láti ọjọ́ Ajé. Dókítà Kofí tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó ní bí a kò bá là á lónìí, ìfun á jẹrà sí i nínú. Ká gbé e lọ sí Parakú, òjò ti gé ọ̀nà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn gan-an, orí òkúta ló wà, kò ní táyà. Oògùn tí à bá gún sí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kú láì jẹ́ pé ó sùn, ti tán. Olórí ilé ìwòsàn wá kọjú sí mi.

"Kamaráàdì Dókítà, ṣé o lè ṣe é?"

Kí n tó lanu, Ọ̀gá dáhùn láti orí àga, "Ó lè ṣe é."

Ẹ̀yin ará, mo sáré jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mo ní, Olúwa, ọrùn kúkúrú báyìí, ikùn tó kún fún èébì báyìí, èmi tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló sì máa ṣe é! Bí bàbá yìí bá kú, ọwọ́ mi ló kú sí.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti gbé e sórí tábìlì. Nínú ìrora yẹn, ó ya ẹnu.

"Wo ọ̀fun mi. Kí lo rí?"

"Ahọ́n nìkan ni mo rí, Ọ̀gá."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Pé ó máa ṣòro, sà."

"Kí lo máa wá ṣe?"

"Mà á ká aṣọ sábẹ́ orí yín, Màmá Àgàtà, nọ́ọ̀sì wa, á fi ìka tẹ ọ̀fun yín láti ìta kí èébì má gòkè, ẹ̀rọ tó ń fa èébì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi."

"Bó bá kọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní bá ọ̀fun yín jà. Mà á yọ ọ́, mà á fún yín ní afẹ́fẹ́, kí n tó tún gbìyànjú."

Ó di ojú. Mùsùlùmí ni bàbá. Ó ní, "Ó dáa. Gba àdúrà tìẹ, èmi náà á gba tèmi." Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì. Èmi náà ń pe Jésù lábẹ́ ìbòmú mi. Mo ti oògùn sí iṣan rẹ̀, ó sùn lọ.

Mo fi iná wo ọ̀fun, mi ò rí nǹkan kan! Èébì rú wá, mo fà á kúrò. Mo ti rọ́bà, ó gba ibi tí kò yẹ. Ètè Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Dókítà Kofí pariwo, "Tì í! Tì í wọlé!" Ọwọ́ mi sì fẹ́ tì í tagbáratagbára. Ibẹ̀ gan-an ni Olúwa ti dá mi dúró. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìṣẹ́jú akàn. Mo ní, "Rárá o!" Mo yọ rọ́bà, mo fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ní kí Màmá Àgàtà fi aṣọ kún aṣọ abẹ́ orí rẹ̀. Mo kígbe "Jésù!", mo tún wò. Mo rí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, tín-ín-rín báyìí. Rọ́bà wọlé! Mo gbọ́ àyà ọ̀tún, mo gbọ́ àyà òsì. Afẹ́fẹ́ ń lọ! Ẹ yin Olúwa!

Dókítà Kofí bá ìfun náà ní dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tó tú u sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ padà sí i. Ó rán ikùn náà tán. Ó yẹ kí Ọ̀gá jí. Kò jí.

Mo ń fi ọwọ́ fún bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ tó so mọ́ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀, mo ń tú u, mo ń fún un. Ìyàwó rẹ̀, Àlájà, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, ṣé ó ń mí?"

Mo ní, "Èmi ni mò ń mí fún un, mà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pọ̀ọ̀. Màmá Àgàtà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ orin ìjọ nílé ìwòsàn ìjọba láyé ìjọba kamaráàdì yìí. Olórí ilé ìwòsàn gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kọjú sí fèrèsé. Apá mi kú. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ń sọ pé Olúwa, ẹ má gba bàbá yìí, mi ò tíì kọ́ṣẹ́ tán!

Ó ṣe, bọ́ọ̀lù náà ta kò mí lọ́wọ́. Mo dúró. Ó tún ta kò mí. Ọ̀gá ló ń mí! Ó lajú, mo ní kó gbé orí, ó gbé e. Mo yọ rọ́bà. Ó wúkọ́, ohùn rẹ̀ há.

"Ẹ̀ẹ̀melòó kó tó wọlé?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Ọ̀gá."

"Kí lo yí padà?"

"Aṣọ abẹ́ orí yín, sà."

Ó ní, "Ó dáa," ó sì sùn padà. Oorun ara rẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí o! Àlájà dì mọ́ mi, a jọ sunkún.

Lánàá mo sọ fún un pé ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Ó ní, "Ọjọ́ tó bá kúrò, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Lọ́la, wọ́n ń gbé obìnrin kan bọ̀ láti Bóni, Ọ̀gá ò sì tíì lè dìde. Èmi ni mo máa kùn ún lóorun. Ẹ rántí mi ládùúrà. Ṣùgbọ́n lónìí, bàbá mu ògì! Ó bínú pé kò dùn! Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ kí n dá jó. Ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó fún un ní èémí!