Píìnì Olórí Pupa Tí Mo Gbé Mì

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n gbé itọ́ mì ná. Ẹ rí i? Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́! Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ mí. Ní Àpòmù níbí ni mo ti fi maṣíìnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù wa wà ní Ìkirè, à ń rán aṣọ fún àwọn obìnrin oníṣẹ́ ìjọba, lọ́yà, nọ́ọ̀sì, tíṣà. Orúkọ ìyá mi ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́rùn gbogbo aṣọ wa. Wọ́n gbé ìyá mi yìí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan, òkú wọn ni wọ́n gbé jáde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu di píìnì mú. Mo ti torí ẹ̀ fọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yìí létí rí! Àmọ́ èmi ọ̀gá wọn, tí mo bá ti ń kánjú, ẹnu ni mo ń fi í sí.

Lọ́jọ́ yẹn, kọ́sítọ́mà mi kan, lọ́yà ni wọ́n, wá dán kóòtù tí mò ń rán fún wọn wò. Píìnì mẹ́rin wà létè mi. Ni wọ́n bá ní ọkọ àwọn dé wíìgì ilé ẹjọ́ àwọn, ó ń dá ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ iṣu wọn. Mo bú sẹ́rìn-ín.

Yéè! Mo ka píìnì: mẹ́ta. Èyí tó lórí pupa ò sí. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì wá gbogbo ilẹ̀, mo gbọn kóòtù, mo gbọn irun orí mi. Kò sí. Ọ̀nà ọ̀fun mi wá ń ta mí ṣóṣó. Àṣé mo ti gbé e mì!

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí láti jẹun, ẹ̀rù ń bà mí láti wúkọ́. Bí wọ́n bá din ata nítòsí, màá sáré fún imú mi pọ̀, kí n má baà sín. Dòdò Ìkirè tí mò ń jẹ lójoojúmọ́, mò ń wò ó bí ẹni ń wo ejò. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi kígbe mọ́ mi: "Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

Ọsibítù kan ní Ìbàdàn la gbà lọ. Wọ́n fi ẹ́sírè ya àwòrán inú mi. Ẹ̀yin ará, mo fojú ara mi rí i! Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú mi. Dókítà ní kí n máa jẹun bó ṣe yẹ, kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Tí kò bá kúrò lójú kan, àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ abẹ kẹ̀! Ìyá mi ni mo rí lójú mi.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ níwájú pẹpẹ, ìgbàgbọ́ mi fò lọ. Mo ti ń sọ ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ìjọ wá sílé, wọ́n ní kí èmi jẹun, àwọn á bá mi gbààwẹ̀. Wọ́n ní kí n gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ò wá. Mo kàn gbọ́wọ́ lé ikùn, mo ní, "Bàbá, Ìwọ lo rán ara yìí. O mọ gbogbo ojú rírán ẹ̀. Bá mi yọ píìnì mi kúrò níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún ya á. Dókítà wò ó, wọ́n yí i, wọ́n tún wò ó. "Màmá, ìgbà wo ló jáde?"

"Sà, mi ò mọ̀ o!"

Kò sí nínú mi mọ́! Kò sí ihò, kò sí ẹ̀jẹ̀, abẹ ò kàn mí. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn jáde ní ọsibítù!

Lọ́yà yẹn ló jókòó sọ́hùn-ún, kóòtù náà ló wà lọ́rùn wọn. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ mi, ìrọ̀rí kékeré tí mò ń gún píìnì sí nìyí, mi ò bọ́ ọ mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ dìde! Ẹ la ẹnu yín kí n rí i. Kò sí píìnì níbẹ̀? Ó dáa. Gbogbo ìjọ, ẹ la tiyín náà, ká jọ fi í yin Ọlọ́run: Halelúyàààà!