Ihò Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ògiri Àjà Kẹta

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Sàláhúdéènì ò tiẹ̀ tó ọdún méjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ẹnjiníà, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ní mọ́sálásí wọn ní Auburn Gresham, àdúgbò kan ní Chicago. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn bí àwọn tó ń lọ hájì ti máa ń ṣe. Ó ní kí wọ́n foríjì òun, èyí tí wọ́n mọ̀ àtèyí tí wọn ò mọ̀. Wọ́n ní àwọn ti foríjì í. Muminat náà sọ bẹ́ẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ni ò jẹ́ kí bàbá lè dìde.

Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Muminat, Chicago níbí ni wọ́n bí i sí, òun àti Halimah ọmọ Sàláhúdéènì ni wọ́n sì jọ dàgbà. Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú un wọ ilé iṣẹ́ wọn. Nígbà tí yunifásítì kan wá gbé ilé bíríkì àtijọ́ kan fún wọn, pé kí wọ́n tún un ṣe kó lè dúró bí ilẹ̀ bá mì, kó má sì máa jẹ iná ní ìjẹkújẹ nígbà òtútù, Muminat ni wọ́n fi ṣe olórí. Sàláhúdéènì, tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nílé iṣẹ́ náà, pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ sì ń ta á bí ata. Ọmọ tí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú! Ojoojúmọ́ ló ń ro ẹjọ́ yìí fún ìyàwó rẹ̀, títí obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun jẹun.

Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà ní mọ́sálásí ló ti wá jẹ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti yẹ àwọn irin tó ń de ògiri mọ́ àjà wò, kí wọ́n tó fi fóòmù tó ń dá òtútù dúró bò wọ́n. Lára ògiri ìlà oòrùn, ní àjà kẹta, òun bá ihò mọ́kànlá tí wọ́n ti lu, tí wọn ò tíì ki irin bọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí òun fẹ́ fi sàmì sí wọn wà lọ́wọ́ òun. Àfi bí òun ṣe gbọ́ ohùn Muminat nísàlẹ̀, tó ń bá ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín, tó ń pe gbogbo wọn ní "my guys". My guys! Àgbàlagbà bíi tòun! Òun bá ti ṣọ́ọ̀kì bọ àpò, òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo irin pé.

"Àgbàyà ni mí," ó ní. "Mo rò pé ẹni tó ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn á rí i, ojú á ti ọmọ yìí, wọ́n á gba ipò náà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ògiri mìíràn ni ẹni yẹn lọ yẹ̀ wò. Èyí tó burú jù sì ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé. Muminat pe Sàláhúdéènì, ó bi í bóyá kí òun náà gòkè wá wò ó. Bàbá ò tíì lanu tí ọmọ náà fi dá ara rẹ̀ lóhùn: "Tí ẹ bá ti wò ó, Dádì Halimah, kí ni mo tún ń wá lẹ́yìn yín?" Ó buwọ́ lùwé. Bàbá gbọ́, ó dákẹ́. Wọ́n fi fóòmù bo ògiri, wọ́n kùn ún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Bí wọ́n ṣe ń yin Muminat pé ilé náà móoru ni ìlara bàbá ń le sí i, àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀.

Nígbà tí Muminat gbọ́ ìjẹ́wọ́ yìí tán, kò sunkún. Ó mọ yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà: ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó pe yunifásítì pé kí wọ́n ti yàrá náà pa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá.

"Mi ò mọ ohun tí mò ń foríjì lẹ́ẹ̀kan, Dádì Halimah. Mo gbà á padà."

Bàbá ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, òun ò sì ní lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí mọ́. Ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi ojú ara wọn wo iṣẹ́ ọwọ́ àgbà, nítorí ìlara ò mọ ọjọ́ orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gé fóòmù náà. Ó na ìka sí ihò òfìfo mọ́kànlá, ó ní àwọn yòókù pé. Muminat lọ síbi irin àkọ́kọ́, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.