Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Sun

Ẹ bá mi pariwo "Jésù ṣeun"! Ẹ tún un pa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ fáànù lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ yín o. Hàlẹ̀lúyà! Ẹ jẹ́ kí n di máìkì yìí mú dáadáa. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fìdí kalẹ̀. Tí mo bá jókòó, màá dìde. Tí mo bá dìde, mi ò ní mọ ibi tí mò ń lọ. Olúwa, o ṣeun!

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Mojísọ́lá, ìyá Tóbi, tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú ìránṣọ ní Bẹẹrẹ. Ẹ sì mọ̀ pé èmi àti bàbá Tóbi ti kọ ara wa sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ tó wà lókè Mápó, ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ ìdájọ́, kò tiẹ̀ yọjú. Kóòtù tú wa ká, wọ́n fún mi níwèé, mo ká a sínú Bíbélì mi. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó, mò ń sunkún, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!

Ìwé yẹn wá dà? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ rántí ìsìn ọ̀sán tí a pè ní Dáná-Sun-Àná? Pásítọ̀ ní kí kálukú mú ohun tó bá so ó mọ́ ìbànújẹ́ ẹ̀yìn wá. Àwọn kan mú lẹ́tà wá. Ẹnì kan mú bàtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ara yín. Èmi kó fọ́tò ìgbéyàwó wá, mo kó ìró tí bàbá Tóbi rà fún mi, mo wá fi ìwé kóòtù lé e lórí. Mo ní, "Orúkọ ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé mi mọ́!" Mo jó yí iná yẹn ká. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé, "Mojí, ìwé tó tú ẹ sílẹ̀ lo fi ń dáná yìí." Pásítọ̀, ẹ má bínú, mi ò dá yín lẹ́bi. Èmi ni mi ò wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yìn náà ni Ọlọ́run rántí mi, tó jẹ́ kí n pàdé Bùrọ̀dá Akínwálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó wọn ti sùn nínú Olúwa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ìgbéyàwó wa níbí, ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ni wọ́n máa ń kéde. Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, wẹ́rẹ́. Ọjọ́ ìsinmi kejì, Pásítọ̀ ní, "Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì yìí fẹ́ra, kó wí." Ta ló dìde lẹ́nu ọ̀nà? Bàbá Tóbi! Ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí!

Ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn o. Mi ò kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní mo kọ̀ ọ́, kó mú ìwé jáde."

Ó mọ̀ pé mo ti sun ún. Èmi fúnra mi ni mo fi yangàn fún un lórí fóònù. Ẹnu mi yìí! Kò fẹ́ mi mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì fẹ́ mi.

Pásítọ̀ pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní, "Màmá Tóbi, a gbà yín gbọ́, ṣùgbọ́n tí ìwé kò bá dé kó tó di ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, a ó dá ìkéde náà dúró." Èyí kọ́ ló dùn mí jù. Bùrọ̀dá Akínwálé yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún títí. Wọ́n ní, "Mojísọ́lá, o sọ fún mi pé ìwé wà." Wọ́n rò pé mo purọ́ fún àwọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí kóòtù tó ṣí ni mo ti dé ibẹ̀. Akọ̀wé kóòtù, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Tiyín ló jóná, tiwa ò jóná. Ó wà nínú réjísítà. Nọ́ńbà ẹjọ́ yín ńkọ́?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.

"Ọdún wo ni?"

Mo ní, "Ọdún tí Tóbi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àbí èyí tó ṣáájú ẹ̀."

Ó nawọ́ sí àwọn ìwé ńláńlá tó tò dé ojú fèrèsé. "Màmá, ẹ bá wa wá nọ́ńbà yẹn. Èmi náà á máa wá a níhìn-ín." Mo padà lọ lọ́jọ́ Túsìdè. Mo lọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdè. Mo gun òkè Mápó títí gìgísẹ̀ bàtà mi fi yọ. Oníbàárà bèèrè síìpù funfun, mo fún un ní pupa. Mò ń tú àpótí tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Olúwa, níbo lo wà?

Ẹ bá mi ké Hàlẹ̀lúyà, nítorí Tọ́sìdè dé!

Mo dúró níwájú ìsọ̀ mi, obìnrin kan tó wọ híjáàbù dé. Rísíkátù! Ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì, ìyàwó tí bàbá Tóbi fẹ́ lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin ará, mi ò ní parọ́ lórí pẹpẹ: mo kórìíra ẹ̀. Mo gbà pé òun ló gba ọkọ mi.

"Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo kọjú sí bọ́tìnnì mi, mo ń tò ó.

"Wọ́n ní ẹ ń wá ìwé." Ó fa náílọ́ọ̀nù kan yọ nínú báàgì, náílọ́ọ̀nù míì tún wà nínú ẹ̀. "Kí bàbá mi tó fà mí fún un, wọ́n kọ́kọ́ gòkè lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ẹnu ọkọ ìyàwó ò tó ẹ̀rí. Wọ́n rí ìkọ̀sílẹ̀ yín nínú réjísítà, wọ́n gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀."

Inú bí mi. "Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tèmi ni wọ́n ń fún bàbá ẹ?"

"Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní gbangba ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tọ́rọ̀ kàn lè bèèrè."

"Kí ló wá kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tòní?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ní ẹ ṣì jẹ́ ìyàwó òun. Kí wá lèmi jẹ́? Èmi ò fẹ́ orogún o."

Mo wo ìwé náà. Mo wo déètì òǹtẹ̀ náà. Nígbà tí bàbá ẹ̀ lọ gbà á, ó ti lé lọ́dún kan tí kóòtù ti tú wa ká. Kò gba ọkọ mi! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí.

Mo nawọ́ láti gbà á, ó fà á sẹ́yìn. "Rárá o. Ẹ da nọ́ńbà ẹ̀ kọ. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń dáná sun nǹkan."

A jọ pa ìsọ̀ dé, a jọ gun òkè. Kí n tó nu òógùn tán, akọ̀wé ti ṣí ìwé. Orúkọ mi nìyẹn! Orúkọ bàbá Tóbi nìyẹn! Ó ṣe ẹ̀dà tèmi, ó lu òǹtẹ̀ lé e, gbà! Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú kóòtù. O ṣeun, Bàbá, o ṣeun!

Bùrọ̀dá Akínwálé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tún yọ awò ojú. "Mojísọ́lá, má bínú." Pásítọ̀ ti ṣe ìkéde kẹta láàárọ̀ yìí, gbogbo yín gbọ́ ọ, kò sí ẹni tó dìde. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó wa!

Ìwọ tí o wà nínú irú wàhálà yìí, má sọ̀rètí nù. Ẹ tọ́jú ìwé yín. Ẹ ṣe fótókọ́pì ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́yìn Bíbélì. Tó bá sì sọnù, ẹ dìde, ẹ lọ bèèrè ní kóòtù, ẹ má jókòó kí ẹ máa sunkún. Ọlọ́run tó ṣe tèmi á ṣe tiyín.

Ó ku ẹyọ kan, kí wọ́n tó gba máìkì. Ẹ̀yin ajagun àdúrà, ó pẹ́ tí mo ti kọ orúkọ ọ̀tá mi sínú bébà kan, tí mo jù ú sínú àpótí àdúrà yẹn, tẹ́ ẹ sì ń bá mi gbàdúrà sí i. Rísíkátù ni. Òun ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó wọ híjáàbù búlúù. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí àpótí yẹn, kí ẹ wá bébà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bébà yẹn ni kí ẹ bá mi sun.