Àdúrà Tí Mo Fi Ta Olúfúnmi

Pásítọ̀ Akínlóyè, ẹ dákun sà, ẹ gbé òróró yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ má dà á sí mi lórí. Mo mọ̀ pé ẹ pè mí síwájú kí ẹ lè fi mí jẹ dékínẹ́ẹ̀sì, mo sì mọ̀ pé ìyá mi gbéra láti Ṣàgámù wá sí Manchester nítorí òní. Màámi, ẹ jókòó, ẹ má tíì sunkún. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún 2013. Ó ti rà síbẹ̀, òní ló sì máa jáde. Fóònù tí ẹ rí lórí pẹpẹ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan ń gbọ́ wa lórí rẹ̀.

Gbogbo yín lẹ fẹ́ràn ẹ̀rí mi. “Àwa méjì la wá láti yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti kàwé níbí fún sẹ̀mẹ́sítà kan péré, Ọlọ́run wá yan èmi nínú àwa méjì!” Ẹ ó pariwo Halelúyà, ẹ ó fò sókè. Ọdún márùn-ún ni mo fi jẹ́ ẹ̀rí yẹn, nínú ìjọ wa ní Openshaw níbí àti ní ẹ̀ka wa ní Stockport. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi mí rí pé, èkejì ńkọ́? Àní ẹ ò bi mí! Inú ń bí mi sí yín, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi sí ara mi ló pọ̀ jù.

Olúfúnmi ni èkejì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwa méjèèjì la jọ háyà yàrá kan. Òun ló ń la ìṣirò tí kò yé mi yé mi, òun ló ń se ìrẹsì tí mò ń jẹ. Olùkọ́ wa ti sọ pé ẹni tí presentation rẹ̀ bá dáa jù ní ìparí sẹ̀mẹ́sítà ni wọ́n máa mú padà wá ṣe master's lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ pé Olúfúnmi ni. Èmi náà mọ̀, ó sì ń dùn mí wọ eegun.

Nínú oṣù kọkànlá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi páálí oògùn kan hàn mí. Ó ní, “Abísọ́lá, wárápá ń ṣe mí láti kékeré. Tí mo bá ti ń lo èyí lójoojúmọ́, kì í gbé mi. Ìyá mi nìkan ló mọ̀. Àfẹ́sọ́nà mi gan-an, mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un. Bá mi fi sádùúrà, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo dì mọ́ ọn, mo ní ọ̀rọ̀ náà kú sí mi nínú.

Kú kẹ̀! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Àńtí Bọ́lánlé tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà nígbà yẹn béèrè pé ta ló ní prayer point. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Tí a bá fẹ́ ṣòfófó, a ó dijú, a ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ran sister wa kan lọ́wọ́ nínú àdúrà.” Mo dìde, mo sunkún èké, mo ní, “Ẹ bá mi gbàdúrà fún Sister Olúfúnmi, wárápá ń yọ ọ́ lẹ́nu.” Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Sister, àwa ará ẹ̀yìn ò gbọ́ o! Ẹ tún un sọ!” Mo gbóhùn sókè, mo tún un sọ. Nígbà tí mo lajú, Olúfúnmi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn tó jókòó nítòsí ń fà sẹ́yìn kí itọ́ rẹ̀ má baà kàn wọ́n.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Abẹ́òkúta. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní ọmọ òun ò ní fẹ́ oníwárápá. Ẹni tó pe ìyá náà lórí fóònù láti inú ìjọ yìí mọ ara rẹ̀, ó sì ń wò mí báyìí.

Èyí tó burú jù ló kù. Àńtí Bọ́lánlé ní kí Olúfúnmi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó pa oògùn tì, pé àìnígbàgbọ́ ni oògùn. Olúfúnmi kọ̀. Ó ní, “Àńtí, Ọlọ́run tí ẹ ń pè náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n.” Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú presentation, bó ṣe wọ ilé ìwẹ̀, mo kó oògùn náà sínú àpò ìdọ̀tí, mo sì gbé e jù síta. Ó tú gbogbo ẹrù rẹ̀ wò. Èmi ọ̀dájú yìí kúnlẹ̀, mo ń bá a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì! Mo tún ní, “Bóyá Ọlọ́run ló ń sọ fún ẹ pé o ò nílò rẹ̀ mọ́.” Ó pe dókítà, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni àyè wà. Ọjọ́bọ̀ sì ni presentation. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbàgbọ́ ló mú mi ṣe é o. Ìlara ni.

Ó dúró síwájú kíláàsì, ó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo jókòó, mò ń retí. Ó ṣàdédé dákẹ́, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú, ó fi ẹnu gbá etí tábìlì. Eyín méjì ló ká. Àwọn òyìnbó ló sáré dì í mú. Èmi tó yẹ kí n ṣe ìyekan fún un nílẹ̀ àjèjì, mi ò dìde. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì padà wá síbí mọ́. Èmi ni wọ́n mú fún master's náà.

Lóṣù tó kọjá, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ rí, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, “Má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ibi tí o ti bà mí lórúkọ jẹ́ ni kí o ti tún un ṣe, kí etí mi sì gbọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ti ilé bọ̀ wá kàwé, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi àdúrà tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ ní kó jókòó. Ẹni tó bá ń lo oògùn, ẹ jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀. Pásítọ̀, ẹ fún ẹlòmíràn ní oyè yẹn. Màámi, ẹ má bínú.

Olúfúnmi, ṣé o ń gbọ́? Mo ti sọ ọ́ tán. Dárí jì mí.

Ẹ dúró, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Sister, àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́ o. Ẹ tún un sọ.”

Ó dáa. Ẹ bá mi gbé ohùn makirofóònù yìí sókè. Èmi Abísọ́lá ni mo ju oògùn Olúfúnmi nù.