Omi Tí Mo Rí Lábẹ́ Ọ̀rá

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Dókítà ti sọ fún mi pé àìsàn yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mi ò gbọdọ̀ gbé lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dì í mọ́nú. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́ nítorí mi ò lè di bírò mú mọ́, òun náà ò sì tíì gbọ́ ọ rí. Èmi ni mo tẹ́ pákó sí pálọ̀ yín, èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọjọ́-Mẹ́ta. Ohun tí mo ṣe nínú pálọ̀ yẹn, àti irọ́ tí mo pa mọ́ ìyàwó yín lẹ́yìn náà, ló tú ilé yín ká. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀ ń múra de Màmá yín nígbà náà. Wọ́n fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ sì ní ilẹ̀ táìlì máa ń yọ̀, pákó lẹ fẹ́. Bíríkìlà ti fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, ó ti da kọnkéré tuntun síbẹ̀. Mo kó àpẹẹrẹ pákó mẹ́rin wá, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ẹ̀yin fẹ́ èyí tó dúdú. Ìyàwó yín mú èyí tó pọ́n díẹ̀, ó ní gbogbo eruku ni yóò máa hàn lára èyí tó dúdú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Olómi, o ti bẹ̀rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń pè é, torí kò sí ọjọ́ tí kì í fi omi nu ilẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi: "Ọ̀gá, ṣé pákó yìí gba omi?" Mo ní, "Ìyàwó wa, fún mọ́ọ̀pù yẹn gbẹ dáadáa kó tó kan ilẹ̀. Omi ló ń bà á jẹ́." Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò sí oníbàárà mi kan tó gbọ́ràn bíi tiẹ̀, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa kì í tẹ́ pákó sórí kọnkéré tuntun láìdán an wò. Ọ̀rá tó mọ́ gaara la fi ń dán an. A ó tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, a ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, ó di ọjọ́ kejì. Bí abẹ́ ọ̀rá bá gbẹ, kọnkéré ti gbẹ nìyẹn. Bí omi bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù nínú bó tilẹ̀ gbẹ lójú, ẹ ó sì dúró, ó lè tó oṣù méjì. Mo lẹ ọ̀rá náà. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi wínníwínní ti sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ìrì. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Ọjọ́-Mẹ́ta? Mo ti fọ́nnu káàkiri pé kò sí pálọ̀ tí mo wọ̀ tó gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí mo bá ní kí ẹ dúró oṣù méjì, àwọn káfíńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò á fi mí ṣẹ̀sín títí. Ẹ wo nǹkan tí mo torí ẹ̀ ṣe é! Mo ṣí ọ̀rá náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi ẹ̀ nù. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó yín wọlé.

Ó ní, "Ọ̀gá, omi kí ló wà lára ọ̀rá yẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó wa, òógùn ọwọ́ mi ni."

"Òógùn yìí mà pọ̀ o," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà wọlé, ẹ bi mí bóyá ilẹ̀ ti gbẹ. Mo ní, "Gbẹ kẹ̀? Ó gbẹ táútáú." Mo tẹ́ fóòmù, mo to pákó lé e, mo ń tẹ eyín ọ̀kan bọ ihò èkejì títí mo fi kan ògiri. Ọjọ́ kẹta pé, iṣẹ́ parí. Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, mo sì yan jáde.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ pè mí. Pákó ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá ti wú, etí rẹ̀ gbé sókè. Mo ṣí ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Ẹ bi mí pé kí ló fà á. Tíṣà, òótọ́ ti dé ètè mi. Ẹ̀yin lẹ wá fi ẹ̀rín sọ pé, "Àbí Olómi ló tún ti ṣe é?" Àwàdà lẹ ń ṣe, mo mọ̀. Mo gbá a mú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ti sọ ọ́." Mo ní n ó padà wá pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò padà, nítorí bí mo bá ṣí gbogbo ilẹ̀ yẹn, àṣírí á tú. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Màmá fẹsẹ̀ kọ etí pákó yẹn, wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn sì kán.

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ló ní kí wọ́n pe ẹni tó mọ̀ nípa pákó. Mo wá. Gbogbo yín jókòó sí pálọ̀, ìyàwó yín nìkan ló wà lórí ìdúró. Ó ti mú mọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n rí bí òun ṣe máa ń fún un gbẹ tó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wá kọjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn nípa ọ̀rá yẹn. Omi wà lábẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ pákó rárá. Mo bi yín léèrè, ẹ rántí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

Ohun tó burú jù tí mo ṣe láyé mi nìyí. Mo wo ojú ẹ̀ kòrókòró, mo ní, "Màdáàmù, mi ò rántí ọ̀rá kankan. Òkè lomi yẹn ti wá." Ìyàwó wa ni mo máa ń pè é, ọjọ́ yẹn, màdáàmù ni. Èyí tí mo pa yẹn ò tó mi, mo tún ní, "Ẹni tí ọkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ń pè ní Olómi, kí lẹ tún ń bi mí sí?" Ẹ̀gbọ́n yín pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò gbọ́?" Ìyàwó yín ò wò mí mọ́. Ẹ̀yin ló ń wò. Ẹ sì dorí kodò, ẹ ní, "O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi." Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ìyàwó yín fi kó ẹrù ẹ̀ jáde nílé yín.

Ọmọ mi ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?" Mo ní kó máa kọ. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ.

Màmá yín ti lọ, mi ò lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Ìyàwó yín ni mo wá nọ́ńbà ẹ̀ rí, mo sì pè é lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tó fèsì. Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé irọ́ lẹ pa, ojú mi kọ́ lẹ ti pa á? Ẹ̀rù ló bà yín. Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún méje lèmi àti Tíṣà fi jọ gbé. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin àlejò ló gbà gbọ́?"

Ẹ̀yin ni ìbéèrè yẹn kàn, kì í ṣe èmi. Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ dá a lóhùn.