Etí Ẹ̀gbọ́n Lásísì Kò Di

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Mi ò lè gbé e mọ́, nítorí lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ wa fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yangàn díẹ̀. Mo gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá, fún yunifásítì mi ní Nàìjíríà. Mo dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbá a fún ẹgbẹ́ káúntì kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbègbè ńlá lọ́dọ̀ wọn, òyìnbó dìde pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ọmọ Yorùbá mìíràn bá wà ní Chicago tó ṣe bẹ́ẹ̀, kó jáde.

Iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ń ṣe báyìí ní Des Plaines, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, àmọ́ tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, èmi ni ọba pápá. Èmi ni mo kọ́ ẹgbẹ́ wa ní àṣà káúntì: bí bọ́ọ̀lù bá kan igi ọwọ́ rẹ, tí wọ́n sì hán an kó tó balẹ̀, o ti jáde nìyẹn. Má dúró de adájọ́, máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n Lásísì ni adájọ́ wa. Mẹkáníìkì ni wọ́n. Etí ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó ṣí i rárá.

Lọ́jọ́ tí a bá ẹgbẹ́ àwọn ará Schaumburg, ìlú kan nítòsí wa, gbá àṣekágbá, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Mi ò tíì ṣe nǹkan kan tí bọ́ọ̀lù fi ha igi mi létí, ọ̀kan lára wọn sì hán an lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lókè. Síbẹ̀, mo gbọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ha igi. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ ọ, wọ́n ti ń gbé ìka sókè láti fi hàn pé mo ti jáde.

Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ojú àwọn ọmọ mi ni mo rò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wallahi, I didn't touch it. Ariwo plane yẹn lẹ gbọ́."

Wọ́n wò mí. "Àbúrò, if you say so. Ìwọ lo kọ́ wa." Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Àmì ọgọ́rùn-ún ó lé méje ni mo gbá fún ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ náà, a sì borí. Ẹ má bínú, ó dùn ún wò! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé mi sọ́rùn yí pápá ká.

Àwọn ará Schaumburg pariwo pé adití ni adájọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ò bá wọn jà. Lọ́sẹ̀ kejì, Ẹ̀gbọ́n dá ẹ̀wù funfun adájọ́ padà, wọn ò ṣe adájọ́ mọ́. Dókítà yẹ etí wọn wò, ó ní kò sí nǹkan kan. Wọn ò gba dókítà gbọ́, èmi ni wọ́n gbà gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń pè láti wá bá wọn gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Mo ṣì ń fi káúntì mi yangàn, ìyẹn ò ní ìbàjẹ́ nínú. Ọgọ́rùn-ún ó lé méje yìí ni mi ò lè wò lójú.

Ẹ̀gbọ́n gan-an ni ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n pè mí lánàá, inú wọn ń dùn: "Àbúrò, tó o bá fẹ́ ṣe speech, speak up o, kí n lè gbọ́ ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni kí n sọ tí wọ́n máa gbọ́?